Ọkọ̀ Tí Ojú Rẹ̀ Sún Mọ́ra

A ti kírun Àsùbáà tán nílé ìyá wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, kí n wo omi àti ọ́ìlì. Ọyẹ́ mú gan-an. Òpópó dá páropáro, àfi obìnrin oníkókó tó ń kóná jọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàádátù, ti gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì ti fi ìborùn di orí títí dé imú nítorí eruku tó mọ̀ pé ó ń dúró dè wá. Ìyá wa kò dìde lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ó ń fa tẹ̀súbáà, kò wojú èmi, kò wojú ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ:

"Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má parọ́ fún mi."

Ẹni tó ní kí a bá òun kí ni bàbá wa, Ìdírísù. Dírẹ́bà ni, ó ń wa àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kiri inú igbó. Oyún mi wà nínú Ìyá nígbà tó wa Landirófà lọ sí ilẹ̀ Bàrùbá, ṣáájú ogun abẹ́lé, tí kò sì padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà ní tiwọn. Wọ́n ní ó gbé mọ́tò ìjọba sá lọ sí Dàhọ̀mì, wọ́n ní ó ti fẹ́ obìnrin síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ilé wa ní ilé olè mọ́tò. Sàádátù, tó ti tó ọmọ tí ń lọ sí ilé kéwú nígbà náà, ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Orúkọ yẹn ni àwọn ọmọdé fi ń kọrin tẹ̀lé e bó bá ń gbé wàláà rẹ̀ bọ̀ wálé. Ìyá kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Kò ṣe opó, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kú. Kò kọ ọkọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó wà láàyè. Ó kàn wà bẹ́ẹ̀.

Èmi Gàníyù, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àdúgbò Fate ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá mi, àdúgbò Ṣàngó ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì, níbi tí mo ti ń tún Landirófà àtijọ́ ṣe. Àwọn ẹbí ìyàwó mi rò pé orí mi ti dàrú. Wọn ò mọ̀ pé fọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní tí mo fi mọ bàbá mi. Nínú fọ́tò náà, ó fẹ̀yìn ti Landirófà kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lára ìwé náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà hàn kedere. Nígbà tí n kò lè kọ́ nípa bàbá, mo kọ́ nípa ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́, nítorí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí ojú wa rí lọ́nà kò ní yé yín. Lẹ́yìn ogun ńlá àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Landirófà. Irin wọ́n nígbà náà, àlùmíníọ̀mù ló pọ̀ nílẹ̀, ìyẹn irú èyí tí àwọn tiwa fi ń rọ ìkòkò. Òun ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ṣáṣíì rẹ̀ fi ń dípẹtà nísàlẹ̀, tí ara rẹ̀ kì í dípẹtà. Wọ́n ní àkọ́kọ́ gan-an tí wọ́n fi dánra wò, àárín ni wọ́n fi sítíárìn rẹ̀ sí bíi ti katakata oko. Àwọn tó tẹ̀lé e kúrú, iná iwájú wọn sì wà lẹ́yìn irin alásẹ́ tó bo ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń yọjú láti ẹ̀yìn fèrèsé. Nígbà tó yá, iná náà yọ síta láàárín irin alásẹ́ yẹn. Wọ́n fa ọkọ̀ náà gùn nítorí ẹrù, wọ́n ṣe oní-tàpólì, wọ́n ṣe onílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún èrò, wọ́n tilẹ̀ ṣe èyí tó ní òrùlé méjì léra fún ilẹ̀ olóòrùn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, iná méjèèjì ṣì sún mọ́ra láàárín. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná náà jáde sórí apá ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, jìnnà síra. Èyí tí mo ń wà, ti ìgbà ìkẹyìn ni. Ojú rẹ̀ jìnnà síra. Ti bàbá mi, bó ṣe wà nínú fọ́tò, irú èyí tí wọ́n fà gùn ni, oní-tàpólì, taya wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì sún mọ́ra.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bíọ̀ ló fa ìrìn àjò yìí. Ọmọ Kàyámà nílẹ̀ Bàrùbá ni, ó ń ra irin àti àlùmíníọ̀mù àlòkù káàkiri igbó, ó ń kó wọn wá ta ní Ìlọrin. Ó wá bá mi ní Ṣàngó, ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: Landirófà kan nínú igbó ilẹ̀ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó ní bí mo bá fẹ́ yọ nǹkan lára rẹ̀, kí n yára, nítorí àwọn tó ń gé irin ti ń bọ̀ wá gé e. Mo bi í pé báwo ni ojú ọkọ̀ náà ṣe rí. Ó ní òun kò wò ó, ẹ̀yìn ló kọ sí ọ̀nà. Mo fi àwòrán náà han Sàádátù. Ilé Ìyá ló gbà lọ tààrà.

Ọ̀nà Ìgbẹ́tì la gbà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, a ti fi ìlú sẹ́yìn, kùrukùru ọyẹ́ sì bo gbogbo nǹkan débi pé àwọn òkè àpáta Ìgbẹ́tì kò hàn títí a fi dé ìdí wọn. Wọ́n kàn ṣàdédé dúró sí wa lórí bí àgbà tó ti ń wo ni tipẹ́. Ọ̀dà dára níbì kan, ó já níbì kan. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kékeré yóò máa yọ̀ bí ó bá rí ọ̀dà. Èmi, ibi tí kò sí ọ̀dà ló tù mí lára jù, nítorí kòtò inú ọ̀dà ló ń pa sípíríǹgì.

A jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ ní Kíṣí, a ra epo. Epo wọn fi ohun tó tó nǹkan gbówó lórí ju ti Ìlọrin lọ, ṣùgbọ́n iṣu wọn! Iṣu tí wọn yóò fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ta fún ọ ní ọjà wa, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni wọ́n dá a lé, ó sì tún nípọn ju itan ènìyàn lọ. Ní ìlú wa, bí àlejò bá wọ ilé, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un. Ní ọ̀nà ibẹ̀ yẹn, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún ọ. Níbi ìdènà kọ̀ọ̀kan ni sójà tàbí fijilántì ti ń bi wá pé ibo là ń lọ, ta là ń lọ bá, kí ló dé tí a ò dúró sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìròyìn àwọn agbébọn láti igbó yẹn láìpẹ́ yìí kò ní bínú sí wọn. A ti fi ìrìn náà tó àwọn àgbà Kàyámà létí kí a tó kúrò nílé, a sì ti pinnu pé oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá wa lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn Kíṣí ni nǹkan yí padà. A kọjá abúlé kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Odó wà ní dídojúdé lágbàlá, aṣọ ọmọdé kan ṣì wà lórí okùn, ọyẹ́ ti fi eruku kun ún pupa. Kò sí adìẹ, kò sí ajá. Ẹ̀rù ló lé wọn lọ, ohun tí wọ́n sọ fún wa níwájú nìyẹn. Sàádátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátù Kúrúsíyù lábẹ́ ẹnu, èmi náà gbè é.

Nígbà tí a jáde ní abúlé yẹn, a rí obìnrin Fúlàní kan lábẹ́ igi ẹ̀mì, igbá wàrà wà níwájú rẹ̀. Inú wa dùn pé a rí ènìyàn. Mo dúró. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fa ohùn rẹ̀ bíi tiwọn.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ra wàrà," ó wí. "Láàárọ̀ ẹ kọjá, ẹ ò dá mi lóhùn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àwa kọ́. Ìlọrin la ti ń bọ̀, a ò tíì kọjá níbí rí."

Ó wo ọkọ̀ náà, ó dìde, ó rìn yí i po. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Mọ́tò yìí náà ni. Irú rẹ̀ ni. Àmọ́ ojú rẹ̀ kọ́ nìyí." Ó fi ìka méjì kan agbede méjì iwájú ọkọ̀ mi, lórí irin alásẹ́, níbi tí kò sí nǹkan kan. "Ibí ni ojú ti àárọ̀ wà. Ó sún mọ́ra bí ojú òwìwí."

Mo gbé wàrà tí mo ti mú kalẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń wà á. Ó ní eruku kò jẹ́ kí òun rí i, àmọ́ ó juwọ́ sí òun. Sàádátù san owó wàrà, kò gba ṣéńjì. Nígbà tí a ti lọ díẹ̀, ó ní, "Gàníyù, má sáré." N kò sáré.

A dé Kàyámà kí oòrùn tó lọ sílẹ̀. Bíọ̀ ti ń dúró dè wá. Àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe wá lálejò dáadáa: iyán tí àwọn ń pè ní sákúwárà, funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé gbígbẹ sè. Ní ilé tiwa, ọkàn àlejò kì í balẹ̀ bí onílé kò bá bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jẹun. Níbẹ̀, wọ́n jókòó tì wá láìfọhùn títí a fi fọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ oníwàrà náà fún Bíọ̀. Ó mi orí.

"Ọ̀gá, kò sí ẹnikẹ́ni tó ní Landirófà mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn tó wà, èmi ni mo gé wọn tà."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, bí mo ti ń ṣe àlùwàlá lágbàlá, mo rí Sàádátù tó dúró lẹ́bàá ògiri, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ẹ jí dáadáa?" mo bi í.

"Gbọ́," ó wí.

Mo tẹ́tí. Lọ́nà jíjìn réré, níhà ibi tí igbó wà, ẹ́ńjìnnì kan ń ṣiṣẹ́. Ó ń ké bí ọkọ̀ tó ń gun òkè pẹ̀lú jíà tó wúwo, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń ké. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Bí ọkọ̀ Bàbá ṣe máa ń dún nìyẹn bó bá ń bọ̀ láti ìrìn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láti ìsàlẹ̀ Gàmbàrí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn."

Mo ní bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, ó wọlé lọ.

Bíọ̀ mú wa gba ọ̀nà kan tí kò ju ọ̀nà màlúù lọ. Koríko gbígbẹ ga ju ọkọ̀ lọ, ó ń ha ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. A dé abúlé kékeré kan, ilé díẹ̀ péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa odò gbígbẹ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí mo rí lórí fóònù wà nínú igbó níwájú abúlé náà. Irú èyí tí wọ́n fà gùn ni lóòótọ́. Oní-tàpólì ni. Sàádátù kò dúró kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ń sunkún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúà fún bàbá wa.

Èmi rìn yípo lọ sí iwájú.

Iná rẹ̀ wà lórí apá. Ó jìnnà síra, bíi ti ọkọ̀ mi gan-an.

Kò sí bí bàbá mi ṣe lè wa ọkọ̀ yìí. Wọn kò tíì ṣe irú rẹ̀ nígbà tó kúrò nílé. Bí mo ṣe máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ló ń dùn mí. Mo pè é, mo fi hàn án. Ó wo iná náà, ó wo fọ́tò ọwọ́ mi, ó jókòó sórí ilẹ̀.

"A ò gbọdọ̀ parọ́ fún un," ó wí.

Ìgbà náà ni baba arúgbó kan jáde láti inú abúlé, ó ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀. Ó rí ọkọ̀ mi. Ó rí mi. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ka dawo!" ó kígbe lédè Hausa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, O ti padà dé.

Ó fẹ́ sá. Bíọ̀ ló dì í mú, tó ń fi èdè Bàrùbá bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀. Bàbá Sàbí ni orúkọ rẹ̀. Sàbí ni Bàrùbá ń pe ọmọkùnrin kejì tí ìyá kan bí. Ó wá sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ kan ojú mi, iwájú orí mi, imú mi.

"Ó ní ojú kan náà ni," Bíọ̀ túmọ̀. "Ó ní irun nìkan ló yàtọ̀. Ti ẹni yẹn dúdú."

"Ẹni wo?" mo bi í.

Baba náà tọ́ka sí ọkọ̀ tó wà nínú igbó, ó mi orí, ó wá tọ́ka sí ìsàlẹ̀ odò. Bíọ̀ gbọ́ ohun tó sọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ní èyí kọ́ lẹ ń wá. Ó ní òmíràn wà, àmọ́ àwọn kì í mú àlejò débẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gé irin ti lọ síbẹ̀ rí pẹ̀lú àáké, wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì sá padà. Ọ̀gá, n kò mọ̀ nípa ti èyí. Ọlọ́run gbọ́."

A rìn tẹ̀lé baba náà. Ipa odò yẹn jìn, igi ti pa orí pọ̀ lé e, òkùnkùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti yọ. Kò sí ẹyẹ tó ké. Bíọ̀ dúró sórí bèbè, ó ní òun ń ṣọ́ ọkọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣọ́.

Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣáṣíì rẹ̀ ti jẹrà wọnú iyanrìn, taya kò sí, gbòǹgbò igi ti gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọjá. Tàpólì ti jẹrà tán. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀, àlùmíníọ̀mù yẹn, ó ṣì dán níbi tí ọ̀dà ti ṣí, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Iná méjèèjì wà láàárín, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n ń wò wá.

Mo fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ ibòji yẹn, nínú ọyẹ́ yẹn, ó gbóná. Mo yọ ọwọ́. Sàádátù fi tirẹ̀ lé e, kò yọ ọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni Bàbá Sàbí jókòó sórí òkúta, tó sì sọ̀rọ̀. Láti orí bèbè ni Bíọ̀ ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè bí ohùn ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀.

"Ó ní odò yìí ni ọkọ̀ náà rì sí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ wá ìrànlọ́wọ́. Dírẹ́bà ní òun kò lè fi mọ́tò ìjọba sílẹ̀. Wọ́n lọ, wọn ò padà. Ó ń gbìyànjú láti gbé e jáde lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ń bá a tì í, òun náà wà lára wọn. Ẹrẹ̀ kò jẹ́. Lẹ́yìn náà, odò kún, ibà sì dé bá a. Wọ́n gbé e wá sílé, ó tún dìde, ó tún padà síbí. Ó ní wọn yóò pe òun ní olè."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀.

"Ó ní àwọn ránṣẹ́ sí Kàyámà. Wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà nítorí ti ìjọba ni. Ó ní ọjọ́ tó kú, orúkọ kan ló ń pè láti àárọ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́."

Baba náà yí ojú sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò dúró de Bíọ̀ mọ́. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ bi í:

"Sàádátù?"

Ẹ gbọ́ o: kò sí ẹni tó tíì pe orúkọ yẹn níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé. Bíọ̀ gan-an, Àlàájà ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú baba náà bí ọmọdé, ó ní, "Èmi nìyí. Èmi nìyí, Bàbá." N kò mọ èwo nínú àwọn bàbá méjèèjì ló ń dá lóhùn.

Mo wọ inú ọkọ̀ náà. Sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí nígbà náà, ọwọ́ òsì la ń gbà lójú pópó ní Nàìjíríà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá ni àwọn jíà kékeré méjì wà. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà, wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀. Olórí pupa, tí à ń fà sẹ́yìn bí a bá fẹ́ agbára gbogbo tó wà nínú ọkọ̀, wà ní fífà sẹ́yìn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra mi nínú ẹrẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́, mo mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ké. Bàbá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé lọ́la òun yóò tún gbìyànjú. Kì í ṣe bí ẹni tó ń jalè ṣe ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. N kò fọwọ́ kan jíà náà. Mo jókòó díẹ̀ síbi tó jókòó sí, ọwọ́ mi lórí orúnkún mi. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo yíjú, kò sí ènìyàn. Ẹ̀rù kò bà mí, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò bà mí.

Ibojì náà wà lórí bèbè kejì, òkúta ni wọ́n fi yí i ká, wọ́n sì gbé e kọjú sí kíbùlà bó ti yẹ. Bàbá Sàbí ní Alfa abúlé ló wẹ̀ ẹ́, tó sì kírun sí i lára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ibẹ̀, ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. A ṣàdúà. Sàádátù jíṣẹ́ Ìyá, ó kí i. Mo bi Bíọ̀ bóyá yóò gé ọkọ̀ náà. Ó ní bí wọ́n bá fi wúrà ṣe é, òun ò ní gé e.

Ní ọjọ́ kẹta, a múra ilé. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn iwájú fún Sàádátù, ó kọjá lọ jókòó sẹ́yìn. Mo wakọ̀ jáde pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níbi ìdènà kan ṣáájú Kíṣí, sójà kan tẹ orí wò wá. Ó kí mi. Ó wá yí ojú sí ìjókòó yẹn, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó tún kí lẹ́ẹ̀kejì, bí a ti ń kí àgbà. Ó ní kí a máa lọ.

Mo ronú púpọ̀ lọ́nà. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń to ẹ̀yà ara ọkọ̀ jọ, mo rò pé mo ń wá ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìrìn yìí kọ́ mi pé ẹni tó ń gbìyànjú láti wálé ni mo ń wá. Ọ̀rọ̀ méjì yìí kò jọra rárá. Bí ẹ bá ní ẹni tí wọ́n sọ nǹkan burúkú nípa rẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ láti fèsì, ẹ lọ wò ó lójú ara yín bí ọ̀nà bá ṣì ṣeé rìn.

Ìrun Alaasárì ni wọ́n ń pè nígbà tí a wọ Gàmbàrí. Ìyá jókòó sí yàrá rẹ̀. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un, odò, ẹrẹ̀, ibà, orúkọ tó ń pè. Kò sunkún. Ó bi wá pé ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́. A ní wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ó bi wá pé ṣé a kí i. A ní a kí i. Ó ní kí n lọ bá òun pe Alfa àdúgbò wá.

"Alfa," ó wí, "ọkọ mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ṣé mo lè ṣe opó?"

Alfa dá a lóhùn. "Ìyá, láti ọjọ́ tó kú ni Ṣaríà ń ka ọjọ́ opó. Ọjọ́ náà ti kọjá lọ tipẹ́. Kò sí lọ́rùn yín mọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó fún òní nìkan."

Alfa kò lè sọ pé rárá. Ìyá bọ́ yẹtí etí rẹ̀, ó nu tìróò ojú rẹ̀ nù, ó wọ aṣọ kan tí kò ní ọ̀ṣọ́, ó jókòó sórí ẹní. Àwọn obìnrin agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà tí wọ́n mọ bàbá wa àti àwọn ìyàwó ilé tí a kò tíì bí sáyé nígbà náà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú àràfẹ́rakù, Ìyá. Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ wọn."

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá ń dá wọn lóhùn, ó sì ń wo ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. "Ọkọ mi ló kú. Ọkọ mi ló kú."